Ẹ Wọn Iṣẹ́ Náà, Ẹ Má Wọn Òṣìṣẹ́ Nìkan

Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ẹlẹgbẹ́ wa, ẹ̀yin tí ẹ ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ńlá àti kékeré láti Addo dé Badore, láti Ajah dé Sangotedo títí lọ sí Ibeju-Lekki, àti ẹ̀yin dírẹ́bà àti kọ̀ńdọ́kítọ̀ tí ẹ ń ná ọ̀nà Lekki sí Ẹ̀pẹ́ lójoojúmọ́:

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ jẹ́ ọ̀rọ̀ nípa ara yín gan-an: ọkàn yín, èémí yín, ẹ̀jẹ̀ yín. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wa kan ti mú ẹjọ́ wá bá wa nípa àyẹ̀wò ara tí àwọn agbanisíṣẹ́ ń fi dandan lé. Kí wọ́n tó gba ènìyàn síṣẹ́, tàbí kí wọ́n tó sọ ìwé iṣẹ́ rẹ̀ di ọ̀tun, wọn a ní kí ó lọ fi ara rẹ̀ hàn. Wọn a wọn ìfúnpá rẹ̀, wọn a gbé e sórí ẹ̀rọ, wọn a ní kí ó máa gun àpótí sókè sódò, wọn a kọ nọ́ńbà sínú ìwé, wọn a ká ìwé náà pọ̀, ó di ọ̀fíìsì mánẹ́jà. Òṣìṣẹ́ tí ó ni ara kò fojú kan ìwé. Ohun tí yóò gbọ́ kò ju “ó yege” tàbí “kò yege” lọ.

Àwọn kan nínú wa ní kí a kọ àyẹ̀wò náà sílẹ̀ pátápátá. Àwọn mìíràn ní ohun tí ọ̀gá bá ti wí, labẹ gé. Àwa sọ pé kò sí èyí tí ó tọ̀nà nínú méjèèjì. Kò sí ohun tí ó burú nínú kí a mọ bí ara ẹni ṣe wà. Ohun tí ó burú ni kí wọ́n fi irinṣẹ́ ìlera ṣe asẹ́ ògì, kí wọ́n fi máa sẹ́ òṣìṣẹ́, kí wọ́n gba ògì, kí wọ́n sì da eèrí nù sí ìgboro. Èyí ni a dìde sí, èyí ni a kò sì ní gbà.

Kí ni wọ́n ń ṣe nínú yàrá àyẹ̀wò?

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ. Ìmọ̀ gidi ni ìmọ̀ yìí. Ní Yunifásítì Èkó ní Akọkà àti ní Yunifásítì Ìbàdàn, ẹ̀ka kan wà tí ń kọ́ni nípa bí ara ṣe ń ṣe nígbà tí a bá ń lò ó síṣẹ́ tàbí síré. Nínú irú yàrá àyẹ̀wò tí ìmọ̀ yìí ń lò, ẹ̀rọ kan wà tí ilẹ̀ rẹ̀ ń sá lọ lábẹ́ ẹsẹ̀, tí ènìyàn ń rìn tàbí ń sáré lórí rẹ̀ láì kúrò lójú kan. Kẹ̀kẹ́ kan wà tí kì í lọ sí ibì kankan, tí wọ́n ń mú kí ó le díẹ̀díẹ̀ bí ènìyàn ṣe ń wà á. Irin kan wà tí a ń fi ọwọ́ fún láti mọ agbára ọwọ́. Ẹ̀mú kan wà tí a fi ń mú awọ ara láti mọ ìwọ̀n ọ̀rá tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀pá kan wà tí a ń fẹ́ atẹ́gùn sí láti mọ bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe lágbára tó.

Èyí tí wọ́n kà sí jù lọ ni ìwọ̀n ọ́síjìn tí ara lè lò láàárín ìṣẹ́jú kan. Wọn a fi nǹkan bo ẹnu àti imú, wọn a sì mú kí iṣẹ́ máa le sí i títí ara yóò fi sọ pé ó tó. Ibi tí ọ́síjìn náà ga dé ni wọ́n ń pè ní agbára ara ẹni náà. A. V. Hill, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gba ẹ̀bùn Nobel ti 1922, wà lára àwọn tí ó la ọ̀nà yìí ní 1923. Ìmọ̀ yìí ti gba ẹ̀mí là. Ó ń jẹ́ kí dókítà mọ ọkàn tí ó ń ṣàìsàn kí ó tó dáṣẹ́ sílẹ̀ lójijì. Ìdí nìyí tí a kò fi lè bá àwọn tí ó ní kí a sá fún un lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ bi wá léèrè: ta ni ó ni àpótí tí wọ́n ní kí a máa gùn?

Ní 1927, Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà dá yàrá ìwádìí kan sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àárẹ̀. Ibo ni ẹ rò pé wọ́n fi í sí? Kì í ṣe ilé ìwòsàn. Ìsàlẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò ni wọ́n fi í sí, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí yóò di mánẹ́jà. Iṣẹ́ ńlá ni àwọn onímọ̀ ibẹ̀ ṣe, a kò sì fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Ní 1943, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, Lucien Brouha àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀ gbé àyẹ̀wò gígun àpótí jáde. Gíga àpótí náà jẹ́ 20 íǹṣì. Ènìyàn yóò gùn ún, yóò sì sọ̀ kalẹ̀, nígbà 30 láàárín ìṣẹ́jú kan, fún ìṣẹ́jú 5. Bí ó bá ti dúró, wọn a ka bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù, wọn a sì ṣírò rẹ̀. Wọ́n ti ti yàrá náà pa ní 1947, ṣùgbọ́n àpótí rẹ̀ ṣì ń rìn káàkiri ayé, nítorí kò gba owó, kò gba iná mànàmáná.

Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ni wọ́n ṣe àpótí yìí fún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tí ń múra ogun. Nígbà náà, ẹ mú bàbá ẹni ọdún 52 kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú, tí ó ti dìde láti aago mẹ́rin òru kí ó tó lè la sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ Ajah kọjá, tí kò tíì jẹun, ẹ gbé e sórí àpótí ọmọ Harvard, kí ẹ sì wá fi nọ́ńbà rẹ̀ sọ pé kò lè ṣe iṣẹ́ tí ó ti ń ṣe láti 20 ọdún sẹ́yìn? Ṣé ìmọ̀ nìyẹn, àbí ìrẹ́nijẹ tí ó wọ aṣọ funfun?

Ẹ gbọ́ ti àwọn dírẹ́bà London

Ẹ̀yin onímọ́tò, ìtàn yín rèé. Lẹ́yìn ogun, dókítà kan tí ń jẹ́ Jerry Morris fẹ́ mọ ìdí tí àìsàn ọkàn fi ń pa àwọn ọkùnrin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò gbé ẹnikẹ́ni sórí ẹ̀rọ. Ohun tí ó ṣe ni pé ó wo iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe. Òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ìwé àìsàn àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ìlú London, bí 31,000 ọkùnrin, tí ọjọ́ orí wọn jẹ́ 35 sí 64. Nígbà náà, bọ́ọ̀sì alájà méjì ni ó gbòde. Dírẹ́bà jókòó láti àárọ̀ dé alẹ́. Kọ̀ńdọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn ọkọ̀ lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìgbésẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń rìn. Nígbà tí Morris tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn The Lancet ní 1953, ó hàn pé àìsàn ọkàn mú dírẹ́bà ju kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ.

Ẹ tún gbọ́ èyí, nítorí olóòótọ́ ènìyàn ni bàbá náà. Ní 1956, wọ́n lọ wo ìwọ̀n ìbàdí ṣòkòtò tí ilé iṣẹ́ rán fún àwọn òṣìṣẹ́ náà. Wọ́n rí i pé ìbàdí dírẹ́bà tóbi ju ti kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ, àní láàárín àwọn tí wọ́n ṣì kéré jù lọ lọ́jọ́ orí. Nítorí náà, kì í ṣe ìjókòó nìkan ni ó fa gbogbo rẹ̀, àwọn kan ti sanra kí wọ́n tó di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Morris kò fi èyí pamọ́. Ó jẹ́ kí ayé mọ̀ ọ́n. Bí ẹni tí ó wo ìwé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn bá ṣọ́ra tó báyìí kí ó tó sọ ìdí, kí ni ó wá kó mánẹ́jà kan sórí ìkánjú tí ó fi nọ́ńbà kan ṣoṣo, tí wọ́n wọ̀n lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, gba oúnjẹ lẹ́nu ọmọ ènìyàn?

Ẹ̀kọ́ tí ó tóbi jù nínú ìtàn náà ni pé iṣẹ́ wà lára ohun tí ń dá ènìyàn lára tàbí tí ń pa á. Dírẹ́bà dáńfó tí ó jókòó sórí ooru ẹ́ńjìnnì láti Ajah dé Ọbáléndé, tí ó ń fa èéfín símú, tí kò rí ibi dúró jẹun, tí ó ń fi obì àti páràgà lé oorun lọ, bí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá ń ru, ṣé òun nìkan ni kí a bá wí? Àwọn àgbà ní kí a kọ́kọ́ lé akátá lọ ná, kí a tó wá fi àbọ̀ bá adìẹ.

Ẹ gbọ́ ti àwọn awakùsà pẹ̀lú

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí àyẹ̀wò ń gbé òṣìṣẹ́ lọ bí kò bá sí ẹgbẹ́ tí ń ṣọ́ ọ, ẹ wo South Africa. Inú ibi ìwakùsà wúrà tí ó jìn sínú ilẹ̀ gbóná gan-an, ooru sì ń pa ènìyàn níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1930, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà síṣẹ́ sínú yàrá gbígbóná, wọ́n ní kí wọ́n máa fi ṣọ́bìrì kó òkúta, wọ́n sì ń wọn ooru ara wọn láti mọ ẹni tí yóò fara dà á. Lẹ́yìn náà, ó di gígun àpótí nínú yàrá ooru. Òótọ́ ni pé àyẹ̀wò yìí àti fífi ooru mọ́ ènìyàn lára dín ikú ooru kù. Ẹni bá sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀ ń purọ́.

Ṣùgbọ́n ta ni ó wọn owó oṣù wọn? Ní oṣù kẹjọ 1946, àwọn awakùsà aláwọ̀ dúdú tí wọ́n lé ní 60,000 daṣẹ́ sílẹ̀. Ṣílè 10 fún ọjọ́ kan ni wọ́n ń bèèrè. Ìbọn àti kóńdó ọlọ́pàá ni ó dá wọn lóhùn, ó kéré tán ènìyàn 9 kú. Wọ́n mọ ìwọ̀n òógùn ara òṣìṣẹ́ dé orí àmì, wọn kò fẹ́ mọ ìwọ̀n oúnjẹ tí ó wà nínú ìkòkò rẹ̀. Àwa kò fẹ́ irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ní Addo.

Ìmọ̀ kan náà ń jà fún wa

Ohun tí àwọn ọ̀gá kì í sọ nìyí: ìmọ̀ tí ó ń wọn òṣìṣẹ́, ó ń wọn iṣẹ́ pẹ̀lú. Ìmọ̀ràn tí ọ̀pọ̀ àwọn onímọ̀ yìí ń tẹ̀ lé ni pé iṣẹ́ tí ènìyàn yóò fi wákàtí 8 ṣe kò yẹ kí ó gba ju bí ìdá kan nínú mẹ́ta agbára ara rẹ̀ lọ. Ẹ̀yin ará, ẹ gbọ́ ọ dáadáa. Bí wọ́n bá ti mọ agbára ara yín láti inú yàrá àyẹ̀wò, ó di dandan kí wọ́n wá sí ibi iṣẹ́ wá wọn iṣẹ́ náà. Bí iṣẹ́ bá gba ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, iṣẹ́ ni kò yege, kì í ṣe òṣìṣẹ́. Kí wọ́n fi ènìyàn kún un, tàbí kí wọ́n fi ìsinmi sí i, tàbí kí wọ́n ra ẹ̀rọ.

Ẹ wo ẹrù. NIOSH, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń ṣèwádìí ààbò lẹ́nu iṣẹ́, ṣe ìṣirò kan ní 1981, wọ́n sì tún un ṣe ní 1991. Ó sọ pé bí gbogbo nǹkan tilẹ̀ dára, tí ẹrù súnmọ́ ara, tí kò sí lílọ́ ẹ̀yìn, tí ọwọ́ rí ibi dì mú, tí kò sí ìkánjú, kí ẹrù tí ènìyàn yóò gbé má kọjá kílò 23. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lónìí, àpò kílò 25 ni wọ́n ń ta sìmẹ́ǹtì sí. Ní ilẹ̀ wa ńkọ́? Kílò 50 ni. Òun ni alábàárù ń gbé lé orí àti ẹ̀yìn láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́ nínú oòrùn, ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé láti Addo títí dé Badore. Nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá wá kọ̀, wọn a ní kò yege àyẹ̀wò. A bi yín: èwo ni ó yẹ kí ó kùnà, ẹ̀yìn ni àbí àpò?

Ohun tí òfin sọ

A kò bẹ̀bẹ̀ fún ojú rere. Òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, Labour Act, sọ ní abala 8 pé dókítà tí ó ní ìwé ẹ̀rí ni kí ó yẹ ara òṣìṣẹ́ tí ó wọ inú àdéhùn iṣẹ́ wò, agbanisíṣẹ́ ni yóò sì san owó rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá yọ owó àyẹ̀wò nínú owó oṣù yín, ẹ mú un wá fún wa. Abala 13 sọ pé ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ wákàtí 6 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́jọ́ kan gbọ́dọ̀ ní ìsinmi tí àpapọ̀ rẹ̀ kò dín ní wákàtí kan. Abala 16 fún òṣìṣẹ́ ní owó iṣẹ́ títí dé ọjọ́ iṣẹ́ 12 nínú ọdún bí àìsàn bá dá a dúró, tí dókítà sì jẹ́rìí sí i. Òfin ìlera ti 2014 sọ ní abala 26 pé àṣírí ni ọ̀rọ̀ ìlera ènìyàn. Òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 náà ka ọ̀rọ̀ ìlera sí ohun tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣeré. Òfin 2010 lórí owó ìtanràn fún òṣìṣẹ́ tí ó fara pa tàbí tí iṣẹ́ kó àìsàn bá sọ pé agbanisíṣẹ́ ni yóò máa san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ sí àpò NSITF. Òṣìṣẹ́ kò ní san kọ́bọ̀ níbẹ̀.

Ohun tí a ń bèèrè

Èkíní: kí àyẹ̀wò jẹ́ ọ̀fẹ́, kí ó sì jẹ́ ní àkókò iṣẹ́ tí a ń gba owó lé lórí. Ìpàdé àwọn òṣìṣẹ́ àgbáyé, ILO, ti fi èyí sínú àdéhùn 161 ní Geneva láti 1985.

Èkejì: kí òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ gba àbájáde ní ọwọ́ ara rẹ̀, kí a sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un ní èdè tí ó gbọ́. Ohun tí ó kan mánẹ́jà kò ju pé ẹni yìí lè ṣe iṣẹ́ yìí, tàbí pé kí a tún iṣẹ́ ṣe fún un.

Ẹ̀kẹta: kí a má lé ẹnikẹ́ni nítorí àyẹ̀wò kan. Kí a tún un wọ̀n. Bí àìsàn bá wà, kí a tọ́jú rẹ̀, kí a fún un ní iṣẹ́ tí ó fúyẹ́, kí owó rẹ̀ má dín. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ̀kẹrin: bí wọ́n bá ti wọn òṣìṣẹ́, kí wọ́n wọn iṣẹ́: ìwúwo ẹrù, ooru, ariwo, eruku, wákàtí. Kí àbájáde ti iṣẹ́ wá sí ọwọ́ ẹgbẹ́, kí a jọ jókòó lé e lórí.

Ti ẹ̀yin dáńfó yàtọ̀. Púpọ̀ nínú yín kò ní ọ̀gá tí yóò san owó àyẹ̀wò, owó ọjọ́ ni ẹ ń já fún ẹni tí ó ni mọ́tò. Nítorí náà ni a ṣe ń sọ ọ́ gbangba pé kí a yọ díẹ̀ nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì tí ẹ ń san ní gáréèjì, kí a fi ra ẹ̀rọ ìfúnpá, kí a sì pe nọ́ọ̀sì tí yóò máa wá lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Owó yín ni. Kí ó padà sára yín.

Bí ẹ bá ń lọ wọn ìfúnpá, ẹ fi èyí sọ́kàn: ẹ má jẹ obì, ẹ má mu kọfí tàbí sìgá fún ìdajì wákàtí ṣáájú, nítorí wọ́n ń mú ẹ̀jẹ̀ ga. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ̀yìn yín fara ti àga, kí ẹsẹ̀ wà nílẹ̀, kí apá wà lórí tábìlì, kí ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ ní kí wọ́n wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Bí ó bá ń dé 140 lórí 90 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má fi pamọ́ nítorí iṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kí ó tó wọlé, ẹni tí kò mọ̀ pé ó wà lára òun ni ó ń dá gúlúkú lójijì. Bí wọ́n bá sì fẹ́ fi ìwé náà lé yín níṣẹ́, ẹ mú un wá sí ọ́fíìsì ẹgbẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ sí ohunkóhun. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n ń lé, wọn kì í lè lé gbogbo wa.

A fẹ́ kí àwọn onímọ̀ wá. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ wọn wá sí Addo, kí wọ́n wọn ọkàn wa, kí wọ́n wọn èémí wa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti wọn wá tán, kí wọ́n má ká ìwé wọn lọ ilé. Kí wọ́n bá wa dé ẹnu ẹ̀rọ, kí wọ́n bá wa dé ẹ̀yìn ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì, kí wọ́n jókòó sí ìjókòó dáńfó láti Ajah dé Ọbáléndé ní ọ̀sán gangan. Ibẹ̀ ni kí wọ́n ti sọ fún wa ẹni tí kò yege.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Òṣìṣẹ́, ẹ jí gìrì!